Orúkọ Méjì ní Òkúta Ìpè

Ìró bàtà ni Oríọlá kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó wọ̀ ọ́. Gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀, lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, nínú oṣù kìn-ín-ní tí ọyẹ́ ti fa gbogbo ewé gbẹ, tí ètè àwọn òṣìṣẹ́ sì ti sán. Ó gbójú sókè. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ kaba àǹkárá tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, bàtà òjò aláwọ̀ ìyeyè tó ga dé orúnkún sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé òun nìkan ló gbọ́ pé òjò ń bọ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ṣé ibí ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tó sọnù?"

Oríọlá fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. "Ọ̀nà wo ló sọnù, mà?"

"Ọ̀nà Olórógbó."

"Ẹ má bínú, kí n tó béèrè ti ọ̀nà. Ṣé òjò ń rọ̀ níta ni?"

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ mi ni mò ń kọ́. Bàtà tuntun ni. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí, orí òkè ló máa ti fìyà jẹ mí."

Ẹ̀rín náà kún yàrá yẹn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti kún un kẹ́yìn, yàtọ̀ sí eruku.

Yàrá mápù ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ìjọba kó àwọn àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ sí, kò sì sí ẹni tó ń wá síbẹ̀ àfi ẹni tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá lé wá. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Oríọlá, ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlá láàárín àwọn ìwé gbígbẹ wọ̀nyẹn. Kò ní ìyàwó. Ẹni tí wọ́n jọ ṣèlérí rí ti lọ sí Kánádà. Ìpè tó ń wá lójoojúmọ́ di ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di ti ọdún Kérésì, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ní ọ́fíìsì, "Mápù" ni gbogbo wọn ń pè é. Ní ilé tó háyà, "Bọ̀dá yàrá ẹ̀yìn" ni. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, ó lè má gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ rárá. Nígbà mìíràn, ní ọjọ́ Sátidé, á dúró níwájú dígí, á ní, "Oríọlá." Á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dáhùn, ojú á sì tì í. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá dá gbé rí ló lè fi í rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà ní Leah ni orúkọ òun, tíṣà ni òun ní Oǹdó, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkè ni òun ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó jókòó, ó sì tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Màmá, ló tọ́ ọ dàgbà. Orí Òkè Olórógbó, lẹ́yìn àwọn oko kòkó tó wà lọ́wọ́ Ipogun, ni wọ́n bí Màmá sí, nígbà tí ìlú ṣì wà lókè níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá nígbà tí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lè súnmọ́ títì àti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó ń gbé lókè mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bí Màmá, bàbá rẹ̀ gbin igi orógbó kan sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún báyìí," ni Leah wí. "Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Láràárọ̀ tí mo bá gbé omi wíwẹ̀ fún un, ohun kan náà ló máa ń bi mí. 'Leah, ṣé igi mi ṣì dúró?' Mi ò sì mọ èsì. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá gòkè lọ wò ó, màá padà wá sọ fún un, kó tó di pé..." Kò parí rẹ̀.

"Àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Igbó ti bo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní àfi mápù àwọn òyìnbó àtijọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí àpáta yẹn bá ti tutù, ewúrẹ́ pàápàá kì í gùn ún."

Oríọlá sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ náà: òun kò mọ ibi tí mápù náà wà. Ó ní kó padà wá ní Fúráìdè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló rí i. Dúrọ́ọ̀ kẹta, lábẹ́ àwòrán odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ìwé náà ti pọ́n, etí rẹ̀ ti jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà hàn kedere. Ó jẹ́ àmì tótòtó kéékèèké tó bẹ̀rẹ̀ létí odò kan, ó yí àpáta po, ó dé ibi tí wọ́n kọ Òkúta Ìpè sí, ó sì gun orí òkè lọ. Inú Oríọlá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ ṣe wọ̀ọ̀. Bí òun bá gbé e fún obìnrin yìí ní Fúráìdè, á kí òun, á dúpẹ́, á lọ. Ìró bàtà yẹn kò ní dún mọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó dá mápù náà padà sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. "Ọ̀sẹ̀ kan péré," ló sọ fún ara rẹ̀. "Kí ni ọ̀sẹ̀ kan máa bà jẹ́?" Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa ṣe máa ń sọ.

Leah bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo Fúráìdè. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, á wọ ọkọ̀ tasín láti Oǹdó, òun àti bàtà òjò rẹ̀. Oríọlá á ní òun ṣì ń wá a, ó kù díẹ̀. Kí wọ́n má baà jókòó lásán, wọ́n ń ṣètò ìrìn náà. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ni wọ́n kọ ọ́ sí: omi lítà mẹ́fà, àdá méjì, okùn, tọ́ọ̀ṣì, òwú àti báńdéèjì, iṣu sísè, ẹja yíyan. Wọ́n kọ ọ́ pé agogo mẹ́fà àárọ̀ ni Leah á ti wà nísàlẹ̀ òkè. Wọ́n pa èyí rẹ́, wọ́n kọ tọ̀hún.

"Bọ̀dá Mápù," ni Leah wí lọ́jọ́ kan, ó ń wo ìwé náà, "àga lẹ kọ síbí?"

"Bí ó bá rẹ̀ yín lọ́nà."

"Ta ló máa ru àga gun òkè?"

Oríọlá wo pẹ́ńsùlù rẹ̀. "Mo rò pé èmi ni."

Leah ò rẹ́rìn-ín bí ó ṣe rò. Ó wò ó. "Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni?"

"Bí ẹ bá fẹ́."

"Màmá ní ẹnìkan kì í dá gun ibẹ̀," ni Leah wí jẹ́jẹ́, ó sì gba pẹ́ńsùlù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa lítà mẹ́fà rẹ́, ó kọ méjìlá.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Oríọlá wí, "Oríọlá ni orúkọ mi."

"Mo mọ̀. Ó wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ tí ẹ bá rí mápù, màá pè é." Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n Oríọlá kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan nínú oṣù kejì, ó tẹ̀lé Leah lọ kí Màmá ní Yába, ní Oǹdó, lẹ́yìn ìsìn. Ìyá arúgbó náà jókòó lórí àga onítìmùtìmù lẹ́bàá fèrèsé. Oríọlá dọ̀bálẹ̀.

"Súnmọ́ mi, ọma mi, kí n fọwọ́ rí ọ." Màmá fọwọ́ pa á lójú, ó wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọwọ́ rẹ mà rọ̀ o. O ò roko rí."

"Pẹ́ńsùlù ni mò ń mú, mà."

"Pẹ́ńsùlù ò lè ṣán igbó o." Ó rẹ́rìn-ín, eyín méjì péré ló kù. "Ṣé Leah ti sọ ti Òkúta Ìpè fún ọ?"

Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Òkúta náà wà ní ìdajì ọ̀nà. Ẹnìkan kì í dá kọjá rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá dé ibẹ̀, olúkúlùkù á ké sókè, á ní: èmi lágbájá, mò ń bọ̀ pẹ̀lú lágbájá, kí àwọn tó wà lókè lè mọ iye ẹni tí wọ́n ń retí. Bí wọ́n bá ń padà, wọ́n á tún ké e, kí àwọn ìsàlẹ̀ lè mọ̀ pé ẹni tó lọ náà ló ń bọ̀.

"Orúkọ tí wọ́n bá pè nígbà àlọ, ìyẹn ò ní nǹkan nínú," ni Màmá wí. "O lè pe àjèjì, o lè má pe ẹnì kankan lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe orúkọ rẹ nígbà àbọ̀, ẹni rẹ nìyẹn. Kò lè sẹ́ ọ mọ́ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti sọ̀ kalẹ̀, a ṣì máa ń lọ ṣa orógbó lọ́dọọdún. Ọ̀dọ́mọkùnrin katikíìsì kan bá wa lọ. Nígbà àbọ̀, ó ké orúkọ mi, Monílọ́lá, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Ọdún méjìléláàádọ́ta la fi jọ gbé."

"Màmá," ni Leah wí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń tún aṣọ fèrèsé ṣe, "ètò òkè là ń ṣe o, kì í ṣe ètò ìgbéyàwó."

"Ṣé mo dárúkọ ìgbéyàwó ni?" Màmá kọjú sí Oríọlá. "Ẹ tètè lọ, ọma mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá igi yẹn dúró. Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́."

Nínú tasín tó gbé e padà sí Àkúrẹ́, Oríọlá búra pé òun máa gbé mápù náà jáde ní Fúráìdè. Fúráìdè dé, Leah gbé mọ́ínmọ́ín wá nínú kúlà, ó ní Màmá ló ní kí òun gbé e wá fún ọkùnrin ọlọ́wọ́ rírọ̀. Wọ́n jọ jẹ ẹ́. Oríọlá ò lè sọ ọ́. Ó sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó tún sún un. Irọ́ tí ènìyàn kò tètè jẹ́wọ́ a máa wúwo sí i ni, ẹnu tó yẹ kó sọ ọ́ á sì máa kéré.

Fúráìdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ni àṣírí tú. Oríọlá jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì. Adéṣínà, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì, yọjú, ó rí Leah.

"Ẹ̀yin ará Oǹdó yìí," ni Adéṣínà wí, ó ń ṣẹ̀fẹ̀, "gbogbo Fúráìdè! Ṣé ẹ ò ní ulé lọ́hùn-ún ni? Kí lẹ tún ń wá?"

"Mápù Olórógbó náà ni, sà. A ò tíì rí i."

"Ẹ ò tíì rí i báwo? Ọwọ́ Mápù ni mo ti rí i láti oṣù kìn-ín-ní. Dúrọ́ọ̀ kẹta." Adéṣínà fà á jáde fún un, ó rò pé oore ni òun ń ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Oríọlá wọlé pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì gbígbóná nínú ìwé ìròyìn, mápù náà wà lórí tábìlì. Leah dúró tì í. Òfuurufú ti ṣú lójú fèrèsé.

"Ọjọ́ wo lẹ rí i?"

Oríọlá ò purọ́. "Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá. Ní ìrọ̀lẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí mo bá ti fún yín, ẹ ò ní wá mọ́."

"Ẹ bá ti sọ fún mi pé kí n máa wá." Ohùn Leah ò ga, ìyẹn ló sì dun Oríọlá jù. "Ṣé ẹnu ò sí ni? Ẹ bá sọ fún mi, ǹ bá máa wá."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán mélòó kan kọ́kọ́ ta sórí páànù, lẹ́yìn náà ó dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ni Leah wí. "Ó di oṣù kọkànlá kí àpáta yẹn tó tún gbẹ. Ní àárọ̀ ọ̀la, Màmá á bi mí bóyá igi òun dúró. Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ í fi pamọ́."

Kò dúró gba èsì. Ó ká mápù náà, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì jáde sínú òjò. Ọjọ́ yẹn ni bàtà náà kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ṣe. Oríọlá ń gbọ́ ìró rẹ̀ títí ariwo òjò fi bò ó mọ́lẹ̀. Bọ̀ọ̀lì náà tutù sí i lọ́wọ́.

Ó pè é lórí fóònù, Leah ò gbé e. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, Leah kà á, kò fèsì. Fúráìdè ń dé, Fúráìdè ń lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dákẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí kò ní nǹkan rí, tí wọ́n fi hàn án díẹ̀, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u ká, ìdánìkanwà tirẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ti tẹ́lẹ̀ kò ní ohùn. Èyí ní ohùn, ohùn Leah ni: ẹ bá sọ fún mi, ǹ bá máa wá.

Ní ìparí oṣù kẹrin, ó gba ìsinmi ọjọ́ kan, ó sì lọ sí Oǹdó ní wákàtí tó mọ̀ pé Leah wà ní ilé-ìwé. Màmá mọ̀ ọ́n láti ibi tó ti ń kí i. Oríọlá dọ̀bálẹ̀, kò dìde, ojú ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá kọjú sí fèrèsé. "Igi mi," ló wí. "Ó dùn mí o. Mi ò ní tàn ọ́."

"Mo mọ̀, mà."

"Nítorí kó lè máa wá lo ṣe fi í pamọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ti tó ìgbà wo tí o ti ń dá gbé?"

Oríọlá fẹ́ sọ iye ọdún. Omi ojú ló jáde dípò rẹ̀. Màmá na ọwọ́, ó fi wá orí rẹ̀ títí ó fi bà á, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Lókè lọ́hùn-ún," ló wí, "bí ènìyàn bá dí ìrìn ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn kì í bu owó lé e lórí, wọn kì í nà án. Ọ̀nà ni wọ́n máa ń ní kó lọ ṣán. Òun nìkan, kò gbọdọ̀ bẹ ọ̀wẹ̀. Ìgbà tó bá ṣán an tán, ọ̀rọ̀ náà tán. Bí òjò bá dá, mú àdá. Ṣùgbọ́n bí o bá dé Òkúta Ìpè, kí o dúró. Má dá kọjá rẹ̀."

"Ṣé kí n sọ fún Leah, mà?"

"Ẹnu rẹ ti sọ púpọ̀ fún un. Jẹ́ kí àdá sọ ìyókù."

Màmá kú nínú oṣù kẹjọ. Lórí fóònù ni Oríọlá ti rí i: Leah gbé àwòrán ìyá arúgbó náà síta, ó kọ "Sùn un re" sí abẹ́ rẹ̀. Oríọlá jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Màmá ti lọ láìgbọ́ èsì, ọwọ́ rírọ̀ tòun yìí ló sì fà á.

Ó lọ síbi ìsìnkú. Ó dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Àga iwájú tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹbí gùn, Leah nìkan ló wà lórí ìdajì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí jáde, ojú wọn pàdé. Leah wò ó, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀lé pósí lọ.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, Oríọlá ra àdá. Ó wọ tasín dé Ìlárá, ó gun ọ̀kadà dé ibi tí oko kòkó tó gbẹ̀yìn parí sí. Mápù náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi ń yọ́ wò ó bí olè. Tótòtó rẹ̀ kò sí èyí tí kò mọ̀. Ó rí odò náà. Ó rí òkúta méjì tó dúró ti ara wọn lábẹ́ igbó, ẹnu ọ̀nà náà nìyẹn. Ó gbé àdá sókè.

Títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, ibi tó ṣán kò gùn ju yàrá mápù lọ. Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. Ó padà wá ní Sátidé kejì. Àgbẹ̀ kan tó rí i bi í bóyá ìjọba fẹ́ la títì síbẹ̀ ni. Ó ní rárá. Àgbẹ̀ náà fẹ́ ràn án lọ́wọ́, Oríọlá ní, "Ẹ ṣeun, wọn ò gbà kí n bẹ ọ̀wẹ̀." Ọkùnrin náà mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Báyìí ló ṣe rí ní gbogbo Sátidé. Àdá, ẹyẹ, èémí ara rẹ̀. Á jẹ iṣu tútù lórí àpáta, á wo àwọn oko nísàlẹ̀, èéfín tó ń yọ lójú ilé ẹlòmíràn. Kérésì kọjá, ó kọjá bá a lórí òkè. Sátidé kejì nínú oṣù kìn-ín-ní ló dé Òkúta Ìpè. Ó ga bí ènìyàn, orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ọwọ́ àwọn tó ti lọ ti dán an. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà náà ṣí sórí àpáta, kò sí igbó mọ́. Ó lè lọ wo igi náà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó padà wá, kò sí ohun tó fẹ́ ṣán. Ó jókòó síbẹ̀ nínú ọyẹ́. Ó tó bí agogo mẹ́wàá kó tó gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀.

Gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀.

Ó dìde dúró. Leah yọ ní kọ̀rọ̀ àpáta, ó wọ ṣòkòtò, mápù wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà aláwọ̀ ìyeyè náà ti ṣá. Ó dúró mí.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí.

"Ẹ káàbọ̀." Oríọlá ò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. "Mi ò kọjá ibí o. Màmá ní kí n má dá kọjá."

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi kó tó kú."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá. Mo máa ń dé ibi odò, màá gbọ́ àdá lókè, màá padà." Ó wo ọwọ́ Oríọlá, awọ rẹ̀ ti le, ó ti dúdú. "Inú ṣì ń bí mi nígbà náà. Mi ò fẹ́ gbé ìbínú gòkè lọ bá igi Màmá."

"Ó ti tán báyìí?"

"Ó kù díẹ̀," ni Leah wí. Ọ̀rọ̀ tí Oríọlá fi ń dá a dúró ní gbogbo Fúráìdè ni. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ lẹ́nu wọn, kò yọ.

Leah gbé ọwọ́ lé Òkúta Ìpè. Ó kọjú sókè, ó ké: "Èmi Leah, ọmọ-ọmọ Monílọ́lá, mò ń bọ̀, èmi àti ẹni tó ṣán ọ̀nà!"

Kò pe orúkọ rẹ̀. Oríọlá gbà á bẹ́ẹ̀. Òun náà gbé ọwọ́ lé e. "Èmi Oríọlá, mò ń bọ̀ pẹ̀lú Leah." Ohùn rẹ̀ há.

Ìlú náà ti di ògiri alámọ̀ tó wó, ìkòkò tó fọ́, àti ọlọ tí koríko yí ká. Igi orógbó wà káàkiri, èyí tó ti ṣubú pọ̀. Màmá ti sọ àmì tirẹ̀ fún Leah: ilé tó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, tí ọlọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ojú méjì. Wọ́n ń wá a láìsọ̀rọ̀. Oríọlá ló kọsẹ̀ lára ọlọ náà. Ó fi ìka ka ojú rẹ̀: ọ̀kan, èjì.

Igi náà dúró. Ó ga, ó gbòòrò, ewé rẹ̀ tutù nínú ọyẹ́ yẹn, èso sì fọ́n sí abẹ́ rẹ̀.

Leah dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó sáré fa fóònù yọ, ìka rẹ̀ ti wà lórí nọ́ńbà ilé kó tó rántí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, fóònù lọ́wọ́.

"Ta ni mo fẹ́ pè?" ló wí. "Oríọlá, ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kò sẹ́ni tó ń bi mí mọ́."

Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó sì sunkún bí kò ṣe sun ún nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Oríọlá kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúró títí ẹkún náà fi rọlẹ̀, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í bí wọ́n ṣe ń bi í láràárọ̀:

"Leah, ṣé igi Màmá ṣì dúró?"

Leah yíjú sí i.

"Ó dúró," ló dáhùn. "Ó dúró, ó ń so."

"O ṣeun."

"Bi mí lọ́la náà," ni Leah wí. "Máa bi mí."

"Màá máa bi ọ́."

Wọ́n ṣa èso méje sínú báàgì, èyí tí wọ́n máa gbé lọ sí ibojì Màmá. Wọ́n jẹ iṣu. Leah bi í léèrè àga dà, Oríọlá ní òun gbàgbé rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. "Kí ló tún wà nínú dúrọ́ọ̀ yẹn tí mi ò tíì rí?" ni Leah bi í. "Kò sí nǹkan kan mọ́," ni Oríọlá wí. "Mo ti ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé Òkúta Ìpè. Oríọlá gbé ọwọ́ lé e lákọ̀ọ́kọ́. Ó rántí ohun tí Màmá sọ nípa àbọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa ọ̀rọ̀ mọ́nú tó lọ́dún tó kọjá. "Èmi Oríọlá," ló ké sí ìsàlẹ̀, "mò ń padà bọ̀ pẹ̀lú Leah!" Ohùn rẹ̀ là.

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò wo ojú Leah. Ó ń wo oko kòkó nísàlẹ̀, ó ń múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún "ẹni tó ṣán ọ̀nà". Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn náà dára, orúkọ tí òun fi iṣẹ́ gbà ni.

Leah gbé ọwọ́ méjèèjì lé òkúta náà. Ó mí sínú.

"Èmi Leah," ló ké, "mò ń padà bọ̀ pẹ̀lú Oríọlá!"

Àpáta òdìkejì gbà á, ó dá a padà. Oríọlá. Leah tún un ké, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, òkè náà sì tún pè é.

"Ẹ̀ẹ̀kan ò tó ni?" ni Oríọlá wí, omijé kún ojú rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dé Ìkàrẹ́." Ó na ọwọ́ sí i. "Mò ń pè ọ́, o ò dáhùn."

Oríọlá di ọwọ́ náà mú. "Mo wà níbí," ló wí.